Mọ̀múdù Onílántànà Jókòó Sórí Ẹ̀wọ̀n Nítorí Odò Asabe

Gbogbo Ìlọrin ló mọ̀ pé Mọ̀múdù Onílántànà jókòó sórí ẹ̀wọ̀n òyìnbó lọ́jọ́ kan, láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń ròyìn rẹ̀ jù. Ẹlòmíràn á ní ṣọ́jà mẹ́fà ló gbìyànjú láti gbé e, tí apá wọn kò ká a. Irọ́ pátápátá! Kò sí ṣọ́jà kankan níbẹ̀. Òyìnbó awọnlẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Àúdù ògbufọ̀ rẹ̀, òyìnbó dúdú kan tó ń bá wọn gbé ẹ̀rọ, àwọn lébìrà bíi mẹ́rin, àti Rùkáyátù ìyàwó Mọ̀múdù, tó sọ̀ kalẹ̀ wá pọnmi, tó sì bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni tó wá kí àna.

Ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin ni. Àwọn òyìnbó ń na ẹ̀wọ̀n irin gígùn sílẹ̀ káàkiri, wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé, kí wọ́n lè ya àwòrán ìlú tí wọ́n ń pè ní máàpù. Nígbà tí wọ́n dé etí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé Mọ̀múdù, òyìnbó béèrè orúkọ odò náà. Oòrùn ti pa Àúdù, iṣẹ́ ti sú u. Ó ní odò kékeré ni, kò jẹ́ nǹkan kan. Òyìnbó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé odò keje.

Abẹ́ igi tí Mọ̀múdù ti ń lọ òkúta lántànà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ló ti gbọ́. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀kúnná òkúta kúrò lára ṣòkòtò, ó rọra rìn sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn dáadáa, ó sì jókòó sórí ẹ̀wọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Àúdù wí.

"Ta lò ń bá wí? Odò Asabe tó ti wà kí wọ́n tó bí mi kò lórúkọ lójú rẹ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibo ni mo ti máa rí orúkọ tí wàá fi pè mí?"

"Òyìnbó ló ní nǹkan tó bá kéré báyìí kì í gba orúkọ nínú ìwé àwọn."

Mọ̀múdù wo òyìnbó náà láti fìlà dé bàtà. Kúkúrú ni ọkùnrin ọ̀hún, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. "Sọ fún un pé òun náà kéré, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ."

"Hàbà, Bàbá!" ni Àúdù kígbe. "Mo ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́!" Kò túmọ̀ rẹ̀.

Rùkáyátù gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Òun kò bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó dìde, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé e níyàwó ló ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ náà, ó pọnmi dé, ó bu ú sínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ kò gbà á. Ó ní, "Omi odò wo nìyí?" Rùkáyátù ní omi odò ni. "Odò wo?" Ó ní odò ìsàlẹ̀ níbí. Mọ̀múdù ní òun kì í mu omi tí kò lórúkọ. Ìyàwó tuntun mà ni Rùkáyátù, ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ọmọ ilé àlùfáà ni, wọn kò fi ẹ̀rù tọ́ ọ. Ó gbé igbá náà sẹ́nu níwájú ọkọ rẹ̀, ó mu ún tán, ó nu ẹnu. Ó ní, "Ó dùn, orúkọ ò sì há mi lọ́fun." Mọ̀múdù rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Àtìgbà náà ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, wáláhì.

Bí ó ti rí nìyẹn. Ẹni tó bá pe orúkọ ibì kan láìbìkítà, ó ti bú Mọ̀múdù. Tó o bá ní "mò ń lọ sí ọ̀hún," á ní "ọ̀hún wo?" Tó o bá dárúkọ ibẹ̀, á bi ẹ́ pé ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti nítorí kí ni. Sàlíhù aládùúgbò rẹ̀ kò lè rí ara gbà á sí mọ́. Tó bá ti rí Mọ̀múdù lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, "Mi ò lọ síbì kankan o!" á sì jókòó sílẹ̀ títí ọkùnrin náà á fi kọjá. Báyìí ló ṣe jókòó lọ́jọ́ kan títí wọ́n fi sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ tán lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ọjà-Ọba náà ńkọ́? Kò sí ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ lọ̀ bíi tirẹ̀. Lántànà rẹ̀ a máa dán, a máa pọ́n, àwọn ìyàwó ọlọ́lá ló ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n kò ní dá ẹ lóhùn lórí iye tó ń tà á àfi tó bá kọ́kọ́ mọ ibi tó o ti wá. Ọkùnrin kan wá láti Malete lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Mọ̀múdù bi í pé ta ló kọ́kọ́ dáko sí abúlé wọn. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Mọ̀múdù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un. Wọ́n pe ìrun Alásárì, ọkùnrin náà lọ kírun, ó padà dé, ó bá Mọ̀múdù níbi tí ó ti ń sọ ọ́ lọ fún àga tó dìde lórí rẹ̀.

Ó ní kálámù kan àti ìgò tàdáwà kékeré tó máa ń fi sínú àpò agbádá. Ó kọ́ kéú dáadáa nígbà èwe rẹ̀. Àpò òkúta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé wá fún un láti òkè, á kọ orúkọ ibi tí òkúta náà ti wá mọ́ ọn lára, á sì fa ìrù lẹ́tà ìkẹyìn gùn bí ẹni pé kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Rùkáyátù a máa bá a jà pé tàdáwà rẹ̀ kì í fọ̀ lára aṣọ. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lò ó," ni yóò wí.

Ẹ má rò pé ìwà ṣàkàṣàkà lásán ni o. Ọ̀rọ̀ odò yẹn ló bí gbogbo rẹ̀.

Nígbà ogun àtijọ́, kí òyìnbó tó dé, ọ̀dá kan dá ní Ìlọrin tí kànga fi gbẹ. Odò kékeré yẹn nìkan ló kù ládùúgbò. Obìnrin Gàm̀bàrí kan wà tó ń jẹ́ Asabe, kánún ló ń tà. Ó bá ọjà wá, kò padà mọ́. Nígbà tí àwọn alágbára bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn aláìlera ṣubú nítorí omi, Asabe gbé ọmọ odó, ó dúró sẹ́nu odò. Ó ní ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ pọn, aláboyún á tẹ̀ lé e, alágbára ló kẹ́yìn. Jagunjagun kan gun ẹṣin dé, ó bú u, ó ní kó kúrò lọ́nà. Asabe bojú wò ó. Ó ní kí ẹṣin máa bọ̀ wá mu omi, nítorí ẹṣin kò bú ẹnikẹ́ni. Jagunjagun dúró sẹ́yìn aláboyún méje.

Bó ṣe dúró níbẹ̀ nìyẹn títí òjò fi rọ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pe odò náà ní Odò Asabe. Ọmọdébìnrin kan wà tó ń wá pọnmi, tí kò sí ẹni tó ń wá a. Orúkọ rẹ̀ ni Hajarat. Asabe mú un sọ́dọ̀, ó tọ́ ọ dàgbà, ó fi fún ọkọ. Hajarat yẹn ló bí Mọ̀múdù. Asabe fúnra rẹ̀ kò bímọ. Kò sí ilé tó kọ́, kò sí oko tó fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ìlú tó ti wá. Nígbà tí Hajarat ń kú lọ, ó di Mọ̀múdù lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Asabe kò ní ohunkóhun láyé yìí àfi odò tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọn ò bá pè é mọ́, ọjọ́ yẹn ló tó kú. Má jẹ̀ẹ́ kó kú." Mọ̀múdù sì ṣèlérí fún un.

Ẹ wá rí ìdí tó fi jókòó sórí ẹ̀wọ̀n.

Oòrùn ti gòkè. Òyìnbó ti bínú títí, ó ti lọ jókòó sábẹ́ igi. Òyìnbó dúdú tó ń gbé ẹ̀rọ ló wá dúró ti Mọ̀múdù. Géńdé dúdú ni, ó dúdú ju Mọ̀múdù lọ pàápàá, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gàm̀bàrí, èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́. Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀, Mọ̀múdù dá a dúró.

"Ìyẹn á dúró ná. Orúkọ ìlú rẹ ni kó o sọ fún mi."

Àúdù túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní Panola.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ẹnì kan kò bi òun rí. Ó ní òwú ni, òwú tí wọ́n fi ń hunṣọ. Kì í ṣe èdè òyìnbó. Èdè àwọn tó nilẹ̀ náà ni, tí òyìnbó ń pè ní Ṣókítọ̀.

"Kí làwọn fúnra wọn ń pe ara wọn?"

"Ṣáátà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá ìyá mi wà lára wọn."

"Àwọn Ṣáátà. Ó dáa. Máa bá a lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó tì í sórí ẹ̀wọ̀n. Àwọn lébìrà náà jókòó. Ó ní odò kan wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ Bógálúsà, odò dúdú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní òmíràn ń jẹ́ Tọ́mbígíbì, ìyẹn àwọn tó ń kan àpótí òkú.

"Odò ni wọ́n sọ ní akanpótí-òkú?" ni Rùkáyátù béèrè láti ibi tó dúró sí. "Ta ló ń pọn omi ibẹ̀ mu?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Mọ̀múdù kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó béèrè pé ibo làwọn Ṣáátà wà báyìí. Ọkùnrin náà ní ìjọba ti kó ọ̀pọ̀ wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn tipẹ́tipẹ́. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi rìn, nínú òtútù, àtọmọdé àtarúgbó, àwọn tó kú lójú ọ̀nà kò níye. Díẹ̀ fara pa mọ́, àwọn náà ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kó àwọn yòókù lọ, èdè wọn ni wọ́n tún fi sọ ọ́ lórúkọ, Okilahóómà, àwọn ènìyàn pupa.

"Ta ló ń kọ orúkọ wọ̀nyí sínú máàpù báyìí?"

"Ìjọba yẹn náà ni."

"Ṣé wọ́n mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ?"

"Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ọ́n."

Mọ̀múdù fọwọ́ lu itan. "Wọ́n lé onílé, ilé kọ̀, ó ń jẹ́ orúkọ onílé! Àúdù, o gbọ́ bí? Orúkọ lágídí ju ènìyàn lọ." Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ará ilé rẹ̀ ló borí nínú ìjàkadì. Ó wá yíjú sí ọkùnrin náà. "Baba baba tìrẹ ńkọ́, níbo ló ti wá?"

Ọkùnrin náà ń fi ìka ha ilẹ̀. Ó ní láti ìhà ibí ni wọ́n ti kó o lẹ́rú. Òun kò mọ orúkọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àúdù túmọ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dìde, ó lọ bá òyìnbó lábẹ́ igi. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn ròkè díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n òyìnbó padà wá, ó ṣí ìwé, ó mú pẹ́ńsù, ó sì kọ Odò Asabe lójú gbogbo wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Mọ̀múdù na ọrùn wo ìwé náà, ó sì ké, "Áà! Àúdù, ó ti ìdí bẹ̀rẹ̀!"

"Kí ló ti ìdí bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Ọwọ́ òsì ló ti bẹ̀rẹ̀! Ó ń kọ ọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn! Orúkọ Asabe ló ń fi ẹ̀yìn rìn yìí!"

Àúdù ṣàlàyé títí pé bí òyìnbó ṣe ń kọ ìwé nìyẹn. Mọ̀múdù ní irọ́ ni, ìwé tí àwọn ènìyàn gidi ń kọ, ọ̀tún ló ti ń wá. Ó ní ìwọ Àúdù tó o sá kúrò nílé kéú kó o tó mọ álífù tán, kí lo mọ̀? Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti fa kálámù àti tàdáwà yọ nínú àpò, ó ti fa ìwé mọ́ra, ó sì ti fi ìkọ̀wé kéú kọ Odò Asabe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà tí òyìnbó fi ya odò náà. Ó fa ìrù rẹ̀ gùn dáadáa. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Ó wá dìde lórí ẹ̀wọ̀n, ó ní, "Àlámùdùlíláì. Ẹ lè máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Ojú òyìnbó pọ́n ju lántànà lọ.

Kí wọ́n tó lọ, Mọ̀múdù yọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan, ó fi sọ́wọ́ òyìnbó dúdú. "Panola, gbọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́ níbi tí wọ́n ti kó baba baba rẹ, sọ pé láti Odò Asabe. Asabe kò bímọ, kò ní kọ̀ ẹ́." Àúdù túmọ̀ rẹ̀ fún un. Rùkáyátù gbọ́n omi sínú igbá fún ọkùnrin náà, ó sì mu ún, kò tilẹ̀ jókòó.

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Ohun tí Mọ̀múdù kò mọ̀, tí Rùkáyátù kò mọ̀, ni ohun tí Àúdù rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òyìnbó ṣí ìwé, ó mú rọ́bà, ó pa Odò Asabe tó fi pẹ́ńsù kọ rẹ́, ó sì dá odò keje padà. Ó gbìyànjú láti pa ti Mọ̀múdù náà rẹ́, ìwé fẹ́ ya, ó bá fi sílẹ̀. Àúdù rí i, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Mọ̀múdù ń dúró de Àúdù lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Àúdù, máàpù ti dé?" "Kò tíì dé, Bàbá." "Kò burú. Nǹkan tó dáa kì í yá." Á wá sọ fún gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí pé odò àwọn ti wọ ìwé ìjọba, pé bí ayé bá ń yí, Asabe kò ní yí. Àúdù á sáré lọ wọ bàtà òdì.

Mọ̀múdù kú nígbà tó ń lọ ìlẹ̀kẹ̀. Abẹ́ igi rẹ̀ ló jókòó sí, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn gbé orí lé eékún. Ìlú sunkún, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, nítorí Sàlíhù tó wá kí Rùkáyátù ní, "Ó dáa o, ṣé ó bi málékà pé ta ló sọ ọ̀run lórúkọ?"

Ó pé ọdún kan tó kú, Rùkáyátù ṣe sàráà. Lẹ́yìn àdúrà, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń jẹun, Àúdù wọlé. Ó ti ń hewú. Bébà fẹ̀ǹfẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ká. Ó kúnlẹ̀ níwájú Rùkáyátù, kò lè gbójú sókè.

"Ìyá, máàpù ti dé. Ẹ forí jì mí. Mo purọ́ fún Bàbá láti ọjọ́ yìí wá." Ó sọ gbogbo rẹ̀, pẹ́ńsù àti rọ́bà, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó nàka sí ilà tín-ínrín kan. "Odò yẹn nìyí. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Koríko ni wọ́n kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Rùkáyátù rántí gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé tayọ̀tayọ̀. Ó rántí Hajarat. Ó wá tẹjú mọ́ koríko náà.

"Koríko wo?" ni ó wí. "Kò sí koríko níbẹ̀, àpáta ni etí odò yẹn."

Ó fa bébà náà mọ́ra. Ó fi ìka lé e láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí baba rẹ̀ àlùfáà ṣe kọ́ ọ. Ìka rẹ̀ dé ìparí, ó bá ìrù kan pàdé tó gùn kọjá bó ṣe yẹ. Ìrù ta ni ìyẹn, bí kò ṣe ti Mọ̀múdù! Ẹni tó ya máàpù lọ́hùn-ún kò mọ ohun tó rí nínú ìwé. Ó rò pé koríko ni, ó sì fara balẹ̀ yà á bó ṣe wà, kò yọ ẹyọ kan.

"Odò Asabe," ni Rùkáyátù kà.

"Níbo, Ìyá?"

"Àúdù, ṣé lóòótọ́ lo sá kúrò nílé kéú?"

"Lóòótọ́ ni, Ìyá."

"Ó hàn!"

Sàlíhù wá wò ó, ó kà á. Safiyat ọmọ Rùkáyátù náà kà á. Gbogbo ẹni tó lọ kéú nínú ilé náà ló wá, wọ́n ń kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo sọ, ẹni tó ń jẹun gbàgbé oúnjẹ. Rùkáyátù ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Wọ́n mà yà á sí òkè díẹ̀ ju ibi tó wà lọ. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá ti lọ jókòó lé wọn lórí!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó rí i pé Àúdù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní kó dìde, ó ní Ọlọ́run á forí jì í, òun náà ti forí jì í. Ó bu omi sínú igbá, ó gbé e fún un.

Àúdù gba igbá náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò mu ún. Ó gbójú sókè wo Rùkáyátù.

"Ìyá," ó ní, "omi odò wo nìyí?"

Rùkáyátù sọ ọ́ fún un. Ìgbà náà ni Àúdù tó gbé igbá sẹ́nu, ó sì mu ún tán.